Accord tó ń kọ̀ láti gbiná lẹ́yìn oòrùn ọ̀sán: ẹ kọ́kọ́ yẹ rílè pọ́ǹpù epo wò

Accord96
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Honda Accord 1996 ni, ẹ́ńjìnnì 2.2, ọtòmátíìkì. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa yí kọ́kọ́rọ́, ó ti gbiná. Tó bá ti wà nínú oòrùn bíi wákàtí méjì, sítátà á máa yí i dáadáa, kò ní gbiná. Tí a bá ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á gbiná bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Mẹkáníìkì ní ká lọ ra pọ́ǹpù epo. Rewáyà ní rílè ni, ìyẹn súìtì kékeré tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ ká tó náwó? Tó bá sì jẹ́ rílè, níbo ló wà?

RewáyàGate
Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù. Honda tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 1997, tó ń gbiná láàárọ̀, tó ń kọ̀ lọ́sàn-án, tára rẹ̀ ń yá nígbà tí inú ọkọ̀ bá tutù, rílè ni àfurasí àkọ́kọ́ tí à ń mú. Main relay là ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n rílè méjì ló wà nínú ilé kan náà. Àkọ́kọ́ ń gbé iná fún brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, àti àwọn injector tó ń fọ́n epo sínú rẹ̀. Ìkejì ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo, brainbox ló sì ń pàṣẹ fún un: tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, á tan pọ́ǹpù fún sẹ́kọ́ǹdù 2 péré kí epo lè kún ọ̀pá epo, á wá pa á. Kò ní tàn án padà àfi tó bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí.

Ìdánwò tó wà ńbẹ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan. Ìgbà tó bá ti kọ̀ ni kí ẹ ṣe é o, kì í ṣe láàárọ̀ tára rẹ̀ dá. Ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì kan sítátà. Ẹ wo iná Check Engine, kí ẹ sì dẹtí sí apá táńkì lẹ́yìn. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé Check Engine á tàn, á lo bíi sẹ́kọ́ǹdù 2, á kú. Láàárín ìyẹn, pọ́ǹpù á máa hùn lẹ́yìn, “hùn-ún-ún”. Bó bá ṣe ń dákẹ́, ẹ ó gbọ́ “tá” lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Tí Check Engine kò bá tàn rárá, brainbox ò ríná jẹ nìyẹn: ẹ wo fíúsì, lẹ́yìn náà apá àkọ́kọ́ nínú rílè. Tó bá tàn, tó sì kú bó ṣe yẹ, àmọ́ tí pọ́ǹpù ò hùn, á jẹ́ pé apá kejì rílè ni, tàbí wáyà, tàbí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Tó bá tàn tí kò kú, ẹ̀sùn mìíràn ti wà nílẹ̀ tí brainbox ti kọ sílẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó tú ohunkóhun. Tí pọ́ǹpù bá hùn dáadáa tí mọ́tò ṣì kọ̀, ẹ fi rílè sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

ÌyáOnítakisí
Ẹ fi ti distributor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, kún un, torí òun ló máa ń jọ ọ́ jù. Nínú Honda àwọn ọdún yẹn, inú distributor ni igniter tó ń tan iná plọ́ọ̀gì tó ń pa á wà, ọ̀pọ̀ wọn tún ní kọ́ìlì iná plọ́ọ̀gì níbẹ̀, àwọn náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń kú tí ara wọn bá gbóná, kí wọ́n jí tí wọ́n bá tutù. Ẹ yọ wáyà plọ́ọ̀gì kan, ẹ fi plọ́ọ̀gì mìíràn sí i lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí ara irin plọ́ọ̀gì náà kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan yí sítátà. Ẹ má fọwọ́ mú un o, kí ẹ sì rí i pé epo ò jò nítòsí. Tí iná aláwọ̀ búlúù bá ń ta tí pọ́ǹpù sì dákẹ́, ọ̀dọ̀ epo ni, rílè la sì kọ́kọ́ ń wò. Tí pọ́ǹpù bá ń hùn tí iná ò ta, distributor ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Tó bá jẹ́ apá àkọ́kọ́ rílè ló kú, brainbox ò ríná, nítorí náà kò ní sí epo, kò sì ní sí iná plọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń ra distributor lásán. Ẹ padà sídìí Check Engine: tí kò bá tàn, ẹ má tíì fọwọ́ kan distributor.

Tí ẹ ò bá sì fẹ́ dúró de oòrùn, ẹ tú rílè kúrò lára irin tó so mọ́, kó wà lórí wáyà rẹ̀, kí ẹ fi dráyà tí onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Tí pọ́ǹpù tó ń hùn tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀ náà: pure water tútù kan tí kò jò, tí ẹ ti nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lé ilé rílè fún ìgbà díẹ̀. Tó bá padà hùn, kò sí ẹjọ́ mọ́. Ẹ má ṣe fi láítà tàbí àbẹ́là dán an wò o, ike rẹ̀ á yọ́.

KíákíáNiMo
Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ yọ rílè họ́ọ̀nù, ẹ fi síbẹ̀, tó bá gbiná ẹ ti mọ̀.

RewáyàGate
Àbúrò, ìyẹn ṣeé ṣe lára ọ̀pọ̀ Toyota tí rílè wọn jọra nínú páálí fíúsì, kò ṣeé ṣe lára Accord yìí. Main relay ọdún yẹn ní ẹsẹ̀ méje, kò sì ní ìbejì kankan nínú mọ́tò náà.

Níbi tó ti ṣeé ṣe gan-an, ẹ má kàn wo pé ẹsẹ̀ wọ ihò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rílè méjèèjì. Lára rílè Yúróòpù, 85 àti 86 ni kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé inú rílè tó ń fa súìtì rẹ̀ pọ̀, 30 ni ibi tí iná ti ń wọlé, 87 ni ibi tó ń gbà jáde. Lára ọ̀pọ̀ ti Japan, 1 àti 2 ni kọ́ìlì, 3 àti 5 ni ọ̀nà iná. Oríṣi rílè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì ló wà lọ́jà tí ìrísí wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí 30 àti 86 gba ipò ara wọn. Á wọ ihò náà geere, kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwòrán kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lórí rílè tó fi bí wáyà inú rẹ̀ ṣe lọ hàn. Tí àwòrán méjèèjì kò bá bára mu, ẹ dá a padà.

Ẹ tún wò ó bóyá àmì diode (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), ìyẹn ọfà kékeré tó kan ìlà, wà nínú àwòrán náà. Èyí tó ní diode kò gbà ká pa ẹsẹ̀ kọ́ìlì rẹ̀ dà. Tí a bá pa á dà, iná á gba inú diode kọjá tààrà, fíúsì lè jó, ó sì lè ba ibi tí brainbox fi ń pàṣẹ jẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi rílè họ́ọ̀nù dá sí, brainbox ló máa kó o lọ.

Fún ẹni tó ní mítà: kọ́ìlì rílè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó dáa sábà máa ń wà láàárín 60 sí 120 óòmù. Tí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já. Ẹ fún kọ́ìlì ní iná fóòtì (volt) 12, ẹ wọn 30 sí 87: ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé “tá” tí ẹ gbọ́ nìkan. Rílè lè máa ké “tá” dáadáa kí ojú tó fi ń kanra nínú ti jó dúdú, tí iná ò sì kọjá.

WáyàPupa
Bí wọ́n ṣe ń yọ ti Accord 1994 sí 1997 rèé, mọ́tò tí sitẹ́rìnnì rẹ̀ wà lápá òsì.

Ẹ kọ́kọ́ tú orí négátíìfù bátìrì, sípáná 10 ló ń tú u. Ẹ dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 3 torí airbag, kí ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà kankan tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Yẹ́lò ni ti airbag.

Ẹ yọ páńẹ́lì ìsàlẹ̀ lábẹ́ sitẹ́rìnnì. Ẹ ti àga sẹ́yìn pátápátá, ẹ dùbúlẹ̀ kí orí yín bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè sí apá òsì, lókè ibi tí fíúsì wà. Àpótí kékeré tí bóòtù kan ṣoṣo dè mọ́ irin ni ẹ ń wá. Tí ojú ò bá tètè rí i, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan so bátìrì padà fún ìgbà díẹ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ fọwọ́ lé e: èyí tó bá ta “tá” sí ìka yín ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún tú bátìrì, kí ẹ sì dúró bíi ti àkọ́kọ́.

Bóòtù náà, nọ́ńbà 10 ni. Ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré àti ọ̀pá ìfàgùn kúkúrú ló dáa fún un, torí àyè ò sí fún sípáná gígùn láti yí. Ẹ tú bóòtù kí ẹ tó fa ọ̀kọ́ wáyà, ìyẹn ike tí àwọn wáyà fi wọ ẹsẹ̀ rílè, á rọrùn. Lára ọ̀kọ́ yẹn, ahọ́n ike kan wà tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ di ike mú, ẹ má fa wáyà. Ike tó ti rí oòrùn fún ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ ìbínú: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mì í díẹ̀díẹ̀, ẹ fà á tààrà.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ wo inú ọ̀kọ́ náà. Tí àwọ̀ ewé bá ti mú àwọn irin inú rẹ̀, tàbí tí ike ti di búráùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ dá a mọ̀ kí ẹ tó lọ, a máa sọ̀rọ̀ ìyẹn nísàlẹ̀. Ẹ ti rílè wọlé títí ahọ́n ike á fi ké. Ẹ so bóòtù padà. Mo tún un sọ: ẹ so bóòtù padà. Rílè tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa fì lórí wáyà, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló máa gbà, ìgbọ̀nrìrì yẹn gan-an sì ni ọ̀kan nínú ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ so bátìrì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON fún sẹ́kọ́ǹdù 2 sí 3, ẹ pa á, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí epo lè kún ọ̀pá, kí ẹ tó kan sítátà. Ẹni tí kò ṣe é rí á lò tó wákàtí kan. Kò sí ọ̀pá epo tí a tú, torí náà kò sí epo tó yẹ kó kán sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Accord96
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ìdánwò náà lónìí ní aago méjì ọ̀sán: Check Engine tàn, ó kú, pọ́ǹpù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣé dandan ni ká ra tuntun? Mo gbọ́ pé wọ́n lè fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kó padà ṣiṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀dìDídán
Wọ́n lè jó o, àtúnṣe tó dáa sì ni tí ẹni tó jó o bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ rílè yìí, kọ́ìlì ò ní nǹkan kan, ojú tó ń kanra náà ò jó. Ibi tí ẹsẹ̀ irin ti wọ inú bọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì dè, ló sán. Tó bá gbóná, irin ń fẹ̀, bọ́ọ̀dù ń fẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fẹ̀ kò dọ́gba, lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ara rẹ̀ bá tutù, ẹnu ibi tó sán á padé, iná á kọjá. Tó bá gbóná, ẹnu á là, iná á dúró. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ fi dà bí oògùn.

Etí ike rẹ̀ ní ahọ́n méjì. Ẹ fi súkúrúdíráfà pẹlẹbẹ kékeré gbé wọn, bọ́ọ̀dù á yọ tòun tẹsẹ̀. Ẹ yí i kí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù kọjú sókè, ẹ gbé e síta gbangba níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ máa yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Lórí òkìtì lẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìdí ẹsẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín bí irun orí máa yí ẹsẹ̀ náà ká, bí ìlà ọbẹ̀ tó gbẹ sí etí ìkòkò. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá fi ìka ti ẹsẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó rí i tó ń mì nínú òkìtì rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ.

Áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì wáàtì 40 ni kí ẹ lò. Èyí kékeré tí wọ́n fi ń tún fóònù ṣe lè má lágbára tó, torí ẹsẹ̀ rílè nípọn, ó ń gba ooru mu. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó ní oje (flux) nínú, nǹkan bíi milimítà 1. Ẹ má fi ìpara tí àwọn tó ń jó rádíétọ̀ ń lò sí i: ásíìdì ni, á máa jẹ bàbà inú bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàgbé. Ẹ fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, ẹ má kàn dà tuntun lé e lórí. Àtijọ́ ti dọ̀tí, á tún sán níbẹ̀ náà. Ẹ gbé ojú áyọ́ọ̀nù kan ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀dù pọ̀, sẹ́kọ́ǹdù 3 sí 5, kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ fúnra rẹ̀ káàkiri. Tí ẹ bá pẹ́ jù, bàbà á ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù, ọ̀ràn di méjì nìyẹn. Gbogbo ẹsẹ̀ ni kí ẹ jó, títí kan ti rílè méjèèjì inú, kì í ṣe èyí tó sán nìkan. Èyí tó kù náà ń bọ̀ lọ́nà.

Èyí tó dáa máa ń dán, á gun ẹsẹ̀ bí òkè kékeré tí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Èyí tó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, tí kò dán, kò mú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti sípíríìtì nù ún, kó gbẹ kí ẹ tó dé e.

Nígbà tó ṣì wà ní ìhòòhò, ẹ fi ìka tẹ apá irin kékeré rílè kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú tó ń kanra. Tó bá ti jó dúdú tó sì ní ihò, ẹ má fi sáńpépà ha á, ẹ̀ ń ha fàdákà ojú rẹ̀ kúrò nìyẹn. Tuntun ló kàn.

ỌjàLádípọ̀
Ẹni tó ń tà á ni mí, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Lára ògidì Honda, orúkọ Mitsuba ló sábà máa ń wà. Ẹ mú tiyín wá sọ́jà, ẹ má wá fẹnu júwe. Lẹ́tà àti nọ́ńbà orí rẹ̀ ni à ń wò, lẹ́yìn náà iye ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tí ihò bóòtù wà. Ti 1990 àti ti 1996 lè jọra lójú kí ẹsẹ̀ wọn má bára mu.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rílè tí wọ́n yọ lára Accord 1996 mìíràn, ẹgbẹ́ tiyín ni. Oòrùn tó pa tiyín, òtútù àti ooru ibòmíì ti lu ti ọ̀hún náà. Tí ẹ bá rà á, ẹ jó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ mọ́tò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ kàn pààrọ̀ aláìsàn kan fún èkejì ni. Ayédèrú tuntun tún wà: ẹ gbé e lọ́wọ́, á fúyẹ́ ju tiyín lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń tẹ̀. Lérò tèmi, tiyín tí wọ́n jó dáadáa sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ògidì tuntun ló sàn ju gbogbo rẹ̀.

KíákíáNiMo
Ẹ sáà dáréétì pọ́ǹpù, kó má gba inú rílè mọ́. Wáyà kan láti ON, ó parí.

ÈrùIná
Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń sá lójú títì báyìí tí wọ́n ti dáréétì pọ́ǹpù wọn, ẹ má fi tiyín kún un. Iṣẹ́ rílè kì í ṣe kó gbé iná nìkan, òun ló tún ń dá a dúró. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, brainbox á pa pọ́ǹpù. Èyí tí wọ́n dáréétì á máa fún epo jáde níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà ní ON. Tí ọ̀pá epo bá sì ti já, orí ẹ́kísọ́ọ̀sì gbígbóná ló lè máa dà á sí. Láìsí jàǹbá pàápàá, ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sí ON láti gbọ́ rédíò, pọ́ǹpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ìdánwò ni, ó tọ́ láti fún pọ́ǹpù ní iná tààrà fún sẹ́kọ́ǹdù díẹ̀. Wáyà tó ní fíúsì áńpù 15 láàárín ni kí ẹ fi ṣe é, níbi ọ̀kọ́ pọ́ǹpù lẹ́yìn, tí ẹ bá ti dá wáyà iná rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti géèjì. Ẹ ṣe ìsopọ̀ tó lè ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kì í ṣe lórí táńkì. Tó bá hùn, pọ́ǹpù yè.

Tó bá kọ̀ sí yín lọ́wọ́ lọ́nà kí ẹ tó tún un ṣe: ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà gbá ilé rílè fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ pa á, títí ẹ ó fi gbọ́ “hùn-ún”. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó kan sítátà. Yíyí sítátà láìgbọ́ pọ́ǹpù, bátìrì lẹ ń jẹ. Kó má ju sẹ́kọ́ǹdù 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí sítátà sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú.

Golf3Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Èkó, ẹ má gbàgbé wa. Golf 3 ló pọ̀ lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Ṣé báyìí náà ni tiwa?

WáyàPupa
Àìsàn kan náà, ilé rẹ̀ ló yàtọ̀. Ti Golf 3 elépo bẹtiróòlù, rílè tí wọ́n kọ 167 sí lórí ni, ipò 12 lórí páńẹ́lì rílè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, fíúsì 18 ló sì ń ṣọ́ pọ́ǹpù. Golf 4 ń lo 409, ní ipò 4, fíúsì rẹ̀ ni 28. Kò ní bóòtù: ẹ fà á tààrà, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ máa ń sán bíi ti Honda, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń jó o.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Tí Golf bá gbiná tó sì kú lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdù kan tàbí méjì, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, immobiliser, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa ọkọ̀ tí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ kejì. Tí pọ́ǹpù bá hùn ní ON ṣùgbọ́n tó dákẹ́ nígbà tí sítátà ń yí, brainbox ò rí ìròyìn pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Sensor tó ń kà á ni kí ẹ wò. Rílè tuntun mẹ́wàá ò lè tún ìyẹn ṣe.

RewáyàGate
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀kọ́ tó di búráùn tí WáyàPupa fi sílẹ̀. Tí ike ọ̀kọ́ bá ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù, ẹ má dá rílè lẹ́bi nìkan. Nǹkan méjì ló ń fà á. Ọ̀kan, irin inú ọ̀kọ́ ti fẹ̀, kò di ẹsẹ̀ mú mọ́, ibi tí kò dì mọ́ra ló ń gbóná. Èkejì, pọ́ǹpù ń jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Pọ́ǹpù àwọn mọ́tò yìí tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń jẹ áńpù 4 sí 7. Tí mítà bá ń ka 10 sókè, ó ti ń kú lọ, tàbí fílítà epo ti dí tó ń fi agídí ti epo kọjá. Ẹ̀rọ yìí tún wà nínú epo kí epo lè máa mú un tutù. Ẹni tó ń fi táńkì sí ìdí E ní gbogbo ìgbà ń sè é ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ rílè, ẹ wọn iná níbi ọ̀kọ́ pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdajì fóòtì dín sí ti bátìrì. Tó bá dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ha ibi tí earth pọ́ǹpù, ìyẹn wáyà négátíìfù rẹ̀, ti so mọ́ bọ́dì títí á fi dán, kí ẹ tún un wọ̀n. Irin inú ọ̀kọ́ tó ti jó, ẹ gé e, ẹ fi tuntun tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà tí sísanra rẹ̀ kò dín sí ti tẹ́lẹ̀. Rílè tuntun nínú ọ̀kọ́ jíjó, ẹ ó padà wá síbí.

Bátìrì náà ò gbọdọ̀ rọ. Tí fóòtì bá já sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, rílè á máa ké “tá-tá-tá-tá” bí ẹyẹ igi, a ó sì máa bá rílè tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jà.

Accord96
Ó ti yé mi. Màá jó o kí n tó wá ògidì. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá tú bátìrì, ṣé rédíò ò ní béèrè CODE?

WáyàPupa
Tó bá jẹ́ rédíò Honda ògidì tó bá mọ́tò wá, ó lè béèrè. Ẹ wá nọ́ńbà náà kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì: lórí káàdì kékeré tó bá ìwé ọkọ̀ rìn, tàbí sítíkà inú pigeonhole. Tòkunbọ̀ kì í sábà bá káàdì wá. Tí ẹ ò bá rí i, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rédíò fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè CODE lọ́wọ́ Honda, ẹ yọ rédíò kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí páńẹ́lì ṣì wà nílẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, rédíò á dákẹ́, ṣùgbọ́n mọ́tò á gbiná lọ́sàn-án.